Oúnjẹ Àdán, Ikùn Òòbẹ̀

Kì í ṣe òtútù ló kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù ní Kánádà. Àìrí èéfín ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí mo débẹ̀, mo dúró lójú fèrèsé, mo ń wo àwọn ilé tó tò lọ bẹẹrẹ bí eyín. Èéfín kankan kò jáde láti inú ìkankan nínú wọn. Mo pe ọmọ mi, Tèmi. Mo ní, "Ṣé àwọn ará ibí kò tíì jí ni, àbí wọn kì í dáná?"

Ó ní, "Wọ́n ti jí, Iye. Wọ́n ti jẹun, wọ́n ti lọ síbi iṣẹ́. Iná mànàmáná ni wọ́n fi ń se oúnjẹ."

Iye ni àwa Ìkálẹ̀ ń pe ìyá. Nígbà tó pè mí bẹ́ẹ̀ nínú ilé tó mọ́ tónítóní yẹn, ó dà bí ẹni pé ẹlòmíràn ló ń pè, ẹnì kan tó ṣì wà lọ́nà tí kò tíì dé.

Nínú èéfín ni mo ti lo ayé mi. Ní Igbodigo, ìlú wa, èmi àti àbúrò mi obìnrin, Ọmọ́yẹlé, la jọ ń ṣe pupuru. À ń rẹ ẹ̀gẹ́ sínú omi títí yóò fi rọ̀ tí yóò sì kan. À ń yọ okùn inú rẹ̀, à ń kó o sápò, à ń gbé òkúta lé e kí omi rẹ̀ lè ro tán. Lẹ́yìn náà la óò mọ ọ́n roboto, a óò tò ó sórí pẹpẹ lókè iná, èéfín yóò máa yan án títí ẹ̀yìn rẹ̀ yóò fi dúdú. Bí a bá fẹ́ jẹ ẹ́, a ó ha dúdú yẹn dànù, funfun inú yóò yọ, a ó gún un, a ó jọ̀ ọ́, a ó ro ó nínú omi gbígbóná. Ọjà Ìlútítun la ti ń tà á. Iṣẹ́ yìí la fi tọ́ Tèmi títí ó fi di ẹni tó ń kàwé nílẹ̀ òkèèrè. Nígbà tó bímọ, ó ní kí n wá bá òun tọ́jú ọmọ náà fún ìwọ̀nba oṣù díẹ̀. Oṣù di ọdún. Bẹ́ẹ̀ ni ó máa ń rí.

Iṣẹ́ mi níbẹ̀ kò le. Ó kàn ń rẹni ni. Tèmi a ti jáde kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa. Ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní ìlú tó jìnnà, ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ló ń wálé. Ó wá ku èmi àti Ìrètí, ọmọ-ọmọ mi, a ń wojú ara wa. Nílé wa, gbogbo agboolé ló ń tọ́ ọmọ kan. Bí o bá gbé e sílẹ̀, ẹlòmíràn á gbé e. Níbẹ̀, bí mo bá gbé e sílẹ̀, ilẹ̀ náà ló wà. Mo jókòó fún un lóúnjẹ. Mo jókòó wo yìnyín. Mo jókòó de ìyá rẹ̀. N kò jókòó tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Nígbà míì mo máa ń wo ẹsẹ̀ mi, bí ẹni pé ó fẹ́ bi mí léèrè ẹ̀ṣẹ̀ tó ṣẹ̀ mí.

Nígbà ooru àkọ́kọ́, a jókòó sẹ́yìn ilé ní ìrọ̀lẹ́. Òyìnbó arúgbó kan ló ń gbé ilé kejì, obìnrin ni, òun nìkan ló ń gbé. Mo rí nǹkan tó ń já bọ́ láti abẹ́ òrùlé rẹ̀, ọ̀kan, èkejì, ọ̀pọ̀, tí wọ́n ń ta kọ́íkọ́í lókè orí wa.

Mo ní, "Tèmi, òòbẹ̀ wà níbí?"

"Ó wà, Iye."

"Sọ fún ìyá yẹn kó fín in pẹ̀lú ata gbígbẹ. Kí ìgbẹ́ rẹ̀ má ba àjà rẹ̀ jẹ́."

Ó sọ ọ́ fún un. Arúgbó náà mi orí, ó rẹ́rìn-ín, ó sọ tirẹ̀. Tèmi yíjú sí mi. "Ó ní òfin kò gbà á. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ lé wọn ní àkókò tí wọ́n ń tọ́mọ lọ́wọ́."

"Òfin? Nítorí òòbẹ̀?"

"Nítorí òòbẹ̀."

Mo ní, "Ó dáa. Ìwé àṣẹ ìgbélùú tèmi ní òpin, ti òòbẹ̀ kò ní."

Tèmi rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ nínú koríko. Ó wá nu ojú, ó ní, "Iṣẹ́ tí mò ń ṣe gan-an nìyẹn, Iye. Òòbẹ̀ àti àdán. Ikùn wọn ni mò ń wò."

Mo wò ó. Mo ní, "O la òkun kọjá wá wo ikùn àdán. Bàbá rẹ a máa fi rọ́bà ta á lórí igi fúrúùtù lẹ́yìn ilé. Èmi náà ti wo ikùn rẹ̀. Mo fọ̀ ọ́, mo fi ata sí i, ẹ jẹ ẹ́."

"Mo rántí. Ẹ̀yin náà lẹ jẹ́ kí n mọ̀ ọ́n."

A kò sọ ọ́ mọ́. N kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ṣì ń bọ̀ wá bá mi.

*

Òǹgbẹ ló kọ́kọ́ mú mi. Màá mumi, màá lọ tọ̀, màá tún mumi. Mo ní bóyá afẹ́fẹ́ gbígbẹ inú ilé wọn ni. Ojú mi wá ń ṣe bàìbàì, àárẹ̀ kan sì wà nínú eegun mi tí oorun kò lè mú lọ. Tèmi gbé mi lọ sọ́dọ̀ dókítà, wọ́n gún mi níka, wọ́n ní àtọ̀gbẹ ni.

N kò sunkún. Tèmi ló sunkún, nítorí ó mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wa àgbà tó lọ́kọ sí Akotogbo, àtọ̀gbẹ ló pa á. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀, láti ojú egbò kékeré kan. Ọmọdé ni Tèmi nígbà náà, òun la máa ń rán pé kó gbé omi gbígbóná wọlé tọ̀ ọ́.

Mo ti ń múra ilé nígbà náà. Ìrètí ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé jẹ́léósinmi, mo ti ń to aṣọ mi sínú àpótí díẹ̀díẹ̀. Tèmi dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá mi, ó wo àpótí náà.

Ó ní, "Iye, ẹ kò lọ síbì kankan títí ṣúgà yìí yóò fi wálẹ̀ tí yóò sì dúró síbẹ̀."

"Dókítà wà ní Òkìtìpupa."

"Ó wà. Ó wà nígbà ayé ìyá Akotogbo náà. Mo rí ẹsẹ̀ yẹn, Iye. Ẹ má jẹ́ kí n tún rí i."

Mo ti àpótí náà sábẹ́ ibùsùn.

Láti ọjọ́ yẹn, nǹkan kan ṣoṣo ni mo ń wá: kí ṣúgà wálẹ̀ kí n lè lọ sílé. Mo fi ṣúgà inú tíì sílẹ̀. Mo fi búrẹ́dì sílẹ̀, mo fi ìrẹsì sílẹ̀, àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Ọsàn pàápàá, mo ń wò ó lọ́wọ́ Ìrètí bí ẹni wo ọ̀tá. Nígbà tí a bá lọ sílé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì á máa bi mí, Tèmi á máa túmọ̀. Ṣé mò ń jẹ búrẹ́dì? Rárá. Ọ̀dùnkún? Rárá. Àkàrà òyìnbó? Rárá. Òtítọ́ ni gbogbo rẹ̀. Wọ́n á gún mi níka, ojú nọ́ọ̀sì á yí padà. Ṣúgà kò wálẹ̀. Wọ́n fi kún oògùn, oògùn dà mí nínú rú, síbẹ̀ kò wálẹ̀.

Mo wá ń rò ó pé bóyá ara mi ló ti pinnu pé ibẹ̀ ni òun máa sùn sí. Ikú kò bà mí lẹ́rù tó bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń dùn mí ni kí wọ́n gbé mi sílẹ̀ nínú ilẹ̀ tó le gbagidi, láàárín àwọn tí kò mọ ọmọ ta ni mí. Ta ni yóò gba ibẹ̀ kọjá tí yóò sọ pé ìyá báyìí ló wà níbí, ẹni tí pupuru rẹ̀ kì í ní okùn?

Ọmọ́yẹlé a máa pè mí ní gbogbo ọjọ́ Àìkú lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì.

"Ẹ̀gbọ́n, òòbẹ̀ ti gba àjà yàrá yín. Ó ń rùn."

"Fi èéfín ata lé wọn."

"Mo ti lé wọn. Wọ́n padà wá. Ẹ wá bá wọn sọ̀rọ̀ fúnra yín, ẹ̀yin lẹ ni ilé."

"Mò ń bọ̀."

Mo ń gbọ́ adìyẹ lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní, "Ẹ ti ń bọ̀ láti ẹ̀ẹ̀rùn èṣí. Bó bá jẹ́ ẹsẹ̀ lẹ fi ń rìn, ẹ ì bá ti dé."

A rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó béèrè pẹ̀lú ohùn mìíràn pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹsẹ̀ yín ńkọ́?"

Mo ní, "Méjèèjì ṣì wà."

Ohun tó ń tù mí nínú ní gbogbo àkókò yẹn kò ju pupuru lọ. Ẹnì kan tó ti Ìlútítun wá sọ́dọ̀ ọmọ tirẹ̀ ló bá mi gbé àpò kan wá, ọwọ́ Ọmọ́yẹlé ló ṣe é. Bí Ìrètí bá ti jẹ́léósinmi dé, tó sùn lọ́sàn-án, mo máa ń ro tèmi, mo máa ń fi ọbẹ̀ ilá jẹ ẹ́. Bí mo bá ṣí àpò náà, òórùn èéfín á jáde, mo sì wà ní Igbodigo títí abọ́ yóò fi tán. N kò fi pa mọ́ fún ẹnikẹ́ni. Tèmi á dé, á ní, "Iye, pupuru yín ń ta sánsán o," á fi ìka nu ẹ̀gbẹ́ abọ́, á lá a. Òun náà kò ro nǹkan kan sí i. Ẹni tí a fi pupuru tọ́ kì í kà á mọ́ oúnjẹ. Ilé ló ń kà á mọ́.

Èmi ní tèmi, mo ti rò ó, mo sì ti dá a láre. Ṣúgà ni wọ́n ní kí n sá fún. Pupuru kò dùn, ó kan ni. A ti rẹ ẹ́, a ti tẹ omi rẹ̀ dànù, èéfín sì ti yan án gbẹ. Adùn wo ló kù nínú ohun tí ojú rẹ̀ ti rí tó bẹ́ẹ̀? Ẹ béèrè lọ́wọ́ obìnrin èyíkéyìí tó ń ṣe é lọ́dọ̀ wa, ohun kan náà ni yóò sọ fún yín: omi ló gbé adùn ẹ̀gẹ́ lọ.

*

Ọjọ́ Sátidé kan ni, yìnyín ti dí ọ̀nà, kò sẹ́ni tó jáde. Ìrètí ń sùn. Mo ti jẹun tán, mo ń ṣa ẹ̀gúsí lẹ́bàá tábìlì. Tèmi jókòó síwájú mi, ó gbé kọ̀ǹpútà ka iwájú. Mo yọjú wò ó. Àwòrán pupa rẹ́súrẹ́sú kan ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú àwọn kóró wẹ́wẹ́ díẹ̀ tó jìnnà síra.

Mo ní, "Kí nìyí? Ó dà bí oko tí ẹyẹ ti ṣa irúgbìn rẹ̀ jẹ."

"Inú òòbẹ̀ nìyí, Iye. Ẹran kan wà lẹ́yìn àpò ikùn, ó rí pẹlẹbẹ, ó rọ̀. Pánkíríásì ni wọ́n ń pè é. Bí ẹ bá ń fọ àdán, ẹ máa ń kó o dànù mọ́ ìfun."

"Èyí tó dà bí ọ̀rá?"

"Òun ni. Ó ń tu omi tó ń lọ oúnjẹ sínú ìfun. Ṣùgbọ́n àwọn kóró tí ẹ rí wọ̀nyí, inú ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń tu tiwọn sí. Omi tiwọn ló ń gba ṣúgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ wọ inú ẹran ara. Èmi àti ẹ̀yin náà ní in. Tiyín ni kò lè ṣe é tó mọ́."

Ó ṣí òmíràn. Àwọn kóró inú eléyìí kún bámú, wọ́n fara ti ara wọn bí àgbàdo tí òjò bá lójú ebè.

"Ti àdán nìyí."

"Kí ló dé tí tirẹ̀ fi pọ̀ tó báyìí?"

"Ohun tó ń jẹ ni. Láti ìran dé ìran, èso ni: máńgò, gúrọ́fà, ọ̀gẹ̀dẹ̀. Kíá ni ṣúgà èso ń ya wọ ẹ̀jẹ̀. Bí kóró yìí kò bá pọ̀, kò lè gbé e. Kòkòrò ni òòbẹ̀ ń jẹ ní tirẹ̀. Kí ni yóò fi kóró púpọ̀ ṣe?"

"Bí a bá wá gbé oúnjẹ àdán fún òòbẹ̀ ńkọ́?"

"Ṣúgà á gòkè nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kò sì ní tètè wálẹ̀." Ó ń gbádùn ọ̀rọ̀ náà, ó ti gbàgbé kọ̀ǹpútà. "Irú wọn kan tún wà tó ń mu omi òdòdó, adùn pátápátá ni. Bó bá ń fò, ìyẹ́ rẹ̀ ló ń jó ṣúgà náà tán. Ṣùgbọ́n bó bá mu ún tán tó so rọ̀ sójú kan tí kò fò, ṣúgà tirẹ̀ náà á gòkè."

Ọwọ́ mi dúró nínú ẹ̀gúsí. N kò mọ ohun tó ṣe mí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ síso rọ̀ sójú kan yẹn wọ inú mi.

Mo ní, "Bí a bá fún òòbẹ̀ ní ẹ̀gẹ́ ńkọ́?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Iye, ta ni yóò fún òòbẹ̀ ní ẹ̀gẹ́?"

"Dá mi lóhùn."

"Kò ní dùn lẹ́nu rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá dénú, ṣúgà ni yóò dà."

"Bó bá kan ńkọ́? Bí a bá tẹ omi rẹ̀ dànù, tí a fi èéfín yan án?"

Ó gbé orí sókè. Ó wo ojú mi, ó wo abọ́ tó wà lẹ́bàá ẹ̀rọ omi, tí funfun ṣì lẹ̀ mọ́ ẹnu rẹ̀. Èmi náà wò ó. A jọ ń wo abọ́.

Ó rọra ní, "Lójoojúmọ́ ni?"

"Lọ́sàn-án. Nígbà míì láàárọ̀, bí òtútù bá pọ̀."

Ó fi ọwọ́ bojú. "Mo sì ń rí abọ́ yẹn. Mo máa ń lá a."

Mo ní, "Omi ló gbé adùn rẹ̀ lọ ni mo rò."

"Májèlé rẹ̀ ni omi ń gbé lọ, Iye. Ìyẹ̀fun ló kù, ìyẹ̀fun sì ni ṣúgà."

"Nọ́ọ̀sì kò bi mí nípa pupuru."

"Nọ́ọ̀sì kò mọ pupuru. Èmi ni mo mọ̀ ọ́n."

Mo ní, "Àwa méjèèjì la mọ̀ ọ́n. Ṣí ẹ̀rọ omi kí n fọ abọ́."

Mo fọ abọ́ náà, mo sì pẹ́ níbi tí mo ti ń fọ̀ ọ́. Mo ń rò ó pé nílé, mo ń jẹ ju bẹ́ẹ̀ lọ, kò sí ohun tó ṣe mí. Ṣùgbọ́n nílé, mo ń ru igi. Mo ń wọ́ àpò ẹ̀gẹ́, mo ń rìn lọ sódò, mo ń rìn bọ̀. Mo ń fò nígbà náà. Níbí, mo kàn so rọ̀. Oúnjẹ kan náà, ikùn kan náà. Ìyẹ́ ni wọ́n bọ́ lọ́wọ́ mi, n kò sì mọ̀, nítorí kò sẹ́ni tó fipá bọ́ ọ. Ìjókòó ni.

*

N kò fi pupuru sílẹ̀ pátápátá, mo sọ fún Tèmi bẹ́ẹ̀, ó sì gbà. A dín in kù títí kò fi ju ẹyin adìyẹ lọ, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ẹ̀fọ́ àti ẹja ló gba ààyè tó kù nínú abọ́. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ebi pa mí bí ẹni pé wọ́n jà mí lólè. Ebi oúnjẹ kọ́. Ebi òórùn yẹn ni.

Mo sì ń rìn. Tèmi ra bàtà tó ń di ilẹ̀ mú fún mi. Mo gbé Ìrètí sínú kẹ̀kẹ́ rẹ̀, mo ń tì í yí adágún omi tó wà lẹ́yìn àdúgbò ká, nínú òtútù tó ń bu ni jẹ létí. Arúgbó ilé kejì rí mi lójú fèrèsé rẹ̀, ó wọ kóòtù jáde, ó tẹ̀ lé mi. Èmi kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó nǹkan, òun kò gbọ́ Yorùbá rárá. Ó máa ń na ọwọ́ sí nǹkan, á sọ orúkọ rẹ̀, èmi náà á sọ ọ́ ní tèmi. Igi. Omi. Pẹ́pẹ́yẹ. Nígbà tó yá, bó bá rí mi lọ́nà, á ní, "Igi," mo sì mọ̀ pé ó ń kí mi ni.

Ṣúgà náà kò sáré wálẹ̀. Ó rọra ń bọ̀ bí àgbà tó ń sọ̀kalẹ̀ àtẹ̀gùn, á sọ̀kalẹ̀ díẹ̀, á dúró mí. Yìnyín yọ́, ewé yọ, òòbẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lábẹ́ òrùlé ìyá náà. Lọ́jọ́ kan nọ́ọ̀sì gún mi níka, ó wò ó, ó tún un wò, ó di ọwọ́ mi mú. N kò nílò ògbufọ̀ fún èyí.

A ti fẹ́ délé nínú bọ́ọ̀sì nígbà tí Tèmi yíjú sí mi.

"Ẹ ó lọ nìyẹn."

"Màá lọ."

"Ìrètí á sunkún."

"Jẹ́ kó sun ún. Èmi náà sun tèmi nígbà tí ìwọ lọ."

Ó gbé orí lé èjìká mi. Ó ti ju ẹni tó ń gbé orí lé èjìká ẹni lọ, ṣùgbọ́n mo jẹ́ kó wà níbẹ̀.

*

Mo ti wà ní Igbodigo báyìí. Àwọn ọmọdé ń pè mí ní Ìyá Kánádà, n kò sì bá wọn jà. Nígbà tí mo kọ́kọ́ wọ inú àgọ́ tí a ti ń yan pupuru, èéfín mú mi lọ́nà ọ̀fun, mo húkọ́ títí omi fi bọ́ lójú mi. Ọmọ́yẹlé dúró, ó ń wò mí. Ó ní, "Èéfín tó tọ́ yín dàgbà rèé o." Mo jáde lọ dúró síta. Mo rò pé ilé ló kù tí yóò mọ̀ mí láìbéèrè, ilé náà ń béèrè.

Ọjọ́ tí mo dé, ó ti ro pupuru dè mí, ó ga bí òkìtì. Mo bù ú, mo fi díẹ̀ sílẹ̀ níwájú mi, mo ti ìyókù sí i.

"Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé? Ṣé ó ní okùn ni?"

"Kò ní okùn. Jẹun. Bí a bá jẹ tán, a jọ ń lọ sóko."

"Sóko? Ọjọ́ tí ẹ dé?"

"Ọjọ́ tí mo dé."

Ó ráhùn títí a fi dé oko, ó sì ráhùn bọ̀. Láti ìgbà náà a jọ ń rìn ni. Mo ní kí òun náà jẹ́ kí wọ́n gún òun níka ní Òkìtìpupa. Ó ní òun kò ṣàìsàn. Mo ní bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀gbọ́n wa tó kú ń sọ. Ó wọ bàtà rẹ̀, a lọ.

Ní ìdájí àná, mo gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìn fèrèsé mi. Mo jáde. Ó gbé ìkòkò ẹyin iná lọ́wọ́, ó fi ata gbígbẹ sí ọwọ́ kejì. Òkè ti ń funfun. Àwọn òòbẹ̀ ń darí bọ̀ láti ibi tí wọ́n ti lọ wá kòkòrò jẹ, wọ́n ń yí òrùlé ká, wọ́n ń wá ojú ihò wọn.

Ó ní, "Bí wọ́n ṣe ń bọ̀ yìí gan-an ló yẹ ká fín wọn."

Mo gba ata náà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní, "Lónìí kọ́."

"Kí ló dé?"

"Jẹ́ kí wọ́n wọlé, Ọmọ́yẹlé. Ó ti rẹ̀ wọ́n."